Igun Kẹrin Àsíá

Àsíá kì í sáré sọ̀kalẹ̀. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó di okùn mú á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan tẹ̀lé èkejì, títí etí aṣọ náà yóò fi kan àyà rẹ̀ lásìkò tí orin bá kan ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bó bá yá jù, àbùkù ni. Bó bá pẹ́ jù, àbùkù ni. Bó bá fi kan ilẹ̀, ẹni tó ṣe é yóò jókòó kọ ìwé àlàyé. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Sokgol, n kò sì kọ ìwé àlàyé rí. Mo ti fi aago ọwọ́ mi wọn orin náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni.

Láyé ìgbà náà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni orin náà ń dún nígbà òtútù, aago mẹ́fà nígbà ooru. Bó bá ti dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí òrùlé wa, gbogbo ìlú á dúró. Ẹni tó ru ẹrù á dúró. Ẹni tó ń gé ẹja á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Gbogbo wọn á kọjú sí ọ̀dọ̀ àsíá, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà òsì. Mo ti rí tọkọtaya tó ń jà níwájú ilé ọtí, tí wọ́n dúró, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, tí orin parí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà náà padà láti ibi tí wọ́n ti já a. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ìyàwó mi bí. Ran-hui ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1981.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní kí wọ́n ya àsíá, èyí tó ní àmì ìlà mẹ́ta mẹ́ta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọ̀run, omi, iná àti ilẹ̀. Ó ti da àwo ìrẹsì rẹ̀ dé bébà láti fi ya òbìrí àárín, ó ti kun apá òkè ní pupa, ó ti kun apá ìsàlẹ̀ láró. Ó ti ya ọ̀run sí igun òkè lápá òsì, ìlà gbọọrọ mẹ́ta tí kò já. Ó ti ya omi, ó ti ya iná, wọn ò sì ṣi ipò ara wọn gbà bí ti ọ̀pọ̀ ọmọdé. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò sọ. Apá kan iṣẹ́ mi ni láti máa lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì láti tún àsíá tí wọ́n yà ní àyàkuyà ṣe, mo sì mọ àṣìṣe ọmọdé dáadáa.

Ilẹ̀ ló kù, igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìlà mẹ́ta náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn já ní àárín.

Ó gbé orí sókè. "Bàbá, kí ló dé tí ìlà ilẹ̀ fi já?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á.

"Ojú ọ̀run tí ẹnikẹ́ni ò lè tẹ̀, òun ni ìlà rẹ̀ gún régé. Ilẹ̀ tí gbogbo wa dúró lé lórí, òun ló wá já sí wẹ́wẹ́. Ṣé ènìyàn máa ń dúró lórí nǹkan tó ti já ni?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. "Bi wọ́n dáadáa, ọmọ mi. Akọ̀wé àsíá ni wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ò mọ̀."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀. Nílé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n kọ́ wa pé ìlà mẹ́ta tó já túmọ̀ sí ilẹ̀, ó sì túmọ̀ sí ìyá. A kọ́ ọ sórí, a kà á jáde, wọn ò nà wá, ó tán síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní ẹ̀yìn ọjà tó mọ ìwé àtijọ́, mo rò ó pé màá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo sọ fún Ran-hui pé kí ó fi igun kẹrin sílẹ̀, pé bí mo bá dé nírọ̀lẹ́ màá sọ ìdí rẹ̀ fún un, a ó sì jọ yà á. Ó ká bébà náà, ó fi sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Mo ní láti sọ ti ilẹ̀ yàrá wa pẹ̀lú. Èédú oníhò la fi ń dáná nígbà náà, tí ooru rẹ̀ ń gba abẹ́ ilé kọjá kí ilẹ̀ yàrá lè móoru; bí ilẹ̀ náà bá sán, èéfín olóró rẹ̀ lè wọ yàrá. Ìyàwó mi ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ilẹ̀ yàrá ti sán lápá ibi tó gbóná jù, pé òun ń gbọ́ òórùn kan níbẹ̀. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni màá dí i. Ìdí tí mo fi sún un síwájú ni pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti olú ìlú agbègbè lọ́jọ́ Ẹtì láti wo bí a ṣe ń sọ àsíá kalẹ̀. Mo ti pààrọ̀ okùn. Mo ti kun òpó. Àbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì tó wà nílé wa, mo ti gbé e lọ fi dí ìdí òpó àsíá tó ń mì.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí Ran-hui ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ náà ni ìyàwó mi àti àwọn obìnrin àdúgbò ń fọ kábéèjì létí odò, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i fún kimchi, kábéèjì kíkan tí a máa ń jẹ nígbà òtútù. Ó sáré wálé, ó fún ọmọ ní ìrẹsì oní-omi, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbóná jù, ó fi aṣọ òwú bò ó, ó pa ilẹ̀kùn dé kí atẹ́gùn má baà wọlé, ó sì padà sídìí kábéèjì. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó padà dé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá. Ó ní ojú ọmọ náà dára, pé ètè rẹ̀ pupa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé òun kọ́kọ́ rò pé ibà ti lọ. Ó pè é. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó wá rí i pé ọmọ ti tọ̀ sára.

Ìyá àgbà ará Gurye tó wà nílé kejì ló gbọ́ igbe rẹ̀. Wọ́n gbé Ran-hui jáde, wọ́n da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù àgbàlá kí ó lè fa òórùn ilẹ̀ símú, nítorí ohun tí gbogbo wa gbàgbọ́ nìyẹn, pé ilẹ̀ a máa fa èéfín èédú jáde lára ènìyàn. Ìyá àgbà náà bu omi kimchi funfun wá nínú abọ́, ó ń fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó ń wí pé, "Gbé e mì, ọmọ dáadáa, gbé e mì. Èyí ló jí ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì." Omi náà ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀. Ìyàwó mi kò mọ iye àsìkò tí wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tó yá ló fà á pọ̀n, ó sì sáré.

Ọ́fíìsì wa ló sáré wá. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nílùú ju jíìpù ọ́fíìsì lọ lásìkò yẹn, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń tẹ́ ènìyàn sínú rẹ̀ láti lé èéfín èédú jáde lára rẹ̀ sì wà lẹ́yìn òkè, wákàtí kan gbáko nínú yìnyín.

Gbogbo wa ló tò sí àgbàlá. Ọ̀gá Tak, olórí ọ́fíìsì wa, dúró níwájú. Àwọn olùbẹ̀wò méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wọ gíláàsì ó sì di ìwé mú. Maeng awakọ̀ dúró ti jíìpù rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Àsíá kò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì òpó nígbà tí ìyàwó mi wọ ẹnu ọ̀nà.

Mo rí i. N kò ní parọ́ níbí. Ojú mi yẹ kó wà lára àsíá, ṣùgbọ́n mo rí i. Aṣọ ìdáná tó so mọ́ra tutù rinrin. Bàtà rọ́bà rẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà, ẹsẹ̀ kan wà ní ìhòòhò nínú yìnyín. Ọkùnrin tó bá rí ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kó mọ̀.

Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì dúró. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó dúró. Gbogbo àgbàlá dúró, òun náà dúró. Ó kọjú sí àsíá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lábẹ́ itan ọmọ, ó gòkè, ó lé àyà. Ọmọ yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ òsì nìkan gbé e dúró, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ tó wà láyà kúrò. Orí Ran-hui yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé oorun ló ń sùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn ló bá wá. Mo tún ro nǹkan mìíràn, màá kọ ọ́: mo rò pé obìnrin yìí fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn àlejò. Ọwọ́ mi ń fa okùn lọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Etí aṣọ kan àyà mi. Orin parí lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin onígíláàsì mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ìyàwó mi kò pariwo nígbà náà pàápàá. Ó ní, "Bàbá Ran-hui, ọmọ ò jí."

N kò mọ ẹni tí mo gbé àsíá lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé mo kàn tú ọwọ́ sílẹ̀ ni, pé ọkùnrin onígíláàsì ló fò síwájú tó gbà á kó tó kanlẹ̀. Jíìpù kò dáhùn. Òtútù ti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gbogbo wa ló tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà, olùbẹ̀wò onígíláàsì náà gbé àsíá lé tábìlì ọ́fíìsì, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ lé e lórí, ó sì fi èjìká ti jíìpù pẹ̀lú wa títí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn.

Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ọmọ. Kò tíì tutù. Ìyẹn ni mo dì mú, pé kò tíì tutù. Ojú ọ̀nà gòkè, ó yí, ó tún gòkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ìyàwó mi ń wí fún Maeng. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

Maeng ni aláwàdà ọ́fíìsì wa. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, àbúrò. Bó bá ku ibì kan láti tẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa wọ́ lójú títì." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí a dé orí òkè, èémí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Á wá, á dúró, a ó máa retí, á tún wá. Ìyàwó mi gbá mi lápá. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn mi lọmọ máa ń gbọ́, pé òun ti pè é títí. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, kí ni màá sọ? Mo tẹ̀ síwájú sí etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsíá fún un. Mo ní, igun àkọ́kọ́, ọ̀run, ìlà mẹ́ta tí kò já. Mo ní, omi, igun òkè lápá ọ̀tún, ìlà àárín rẹ̀ ni kò já. Mo ní, iná, ìlà àárín rẹ̀ ló já, o yà á dáadáa. Mo dé igun kẹrin, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo padà sí igun àkọ́kọ́. Mo kà á bẹ́ẹ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀ òkè, n kò sì rí igun kẹrin kà.

Dókítà tó jáde sí wa kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣí ìpéǹpéjú ọmọ, ó fi iná wò ó, ó gbé etí lé àyà rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Ó ní ká ní a tètè gbé e dé díẹ̀ ni.

Mo bi í pé díẹ̀ mélòó.

Ó wò mí. "Díẹ̀ ni, bàbá."

Mo ní, "Ìṣẹ́jú kan ńkọ́?"

Mo tún bi í. Mo di apá aṣọ funfun rẹ̀ mú. Mo ní kó sọ fún mi bó bá jẹ́ wákàtí kan ni, tàbí ààbọ̀ wákàtí, tàbí ìṣẹ́jú kan. Mo ní iye kan ni mo fẹ́, kí ó sáà fún mi ní iye kan. Ìyàwó mi ló yọ ìka mi kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ìlú wa, òbí kì í sin ọmọ. Maeng àti ọkọ ìyá àgbà ará Gurye ló gbé e lọ sórí òkè ní kùtùkùtù, wọn kò mọ ebè lé e lórí, wọn kò fi òkúta sí i. Mo bẹ Maeng kó fi ibẹ̀ hàn mí. Ó kọ̀. Ó ní, "Bí mo bá fi hàn ọ́, o ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́." Ó gbé àṣírí náà lọ sínú ibojì tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fa okùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní òkúta ló wà láyà mi. N kò bá wọn jiyàn. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, màá máa ka iye: ibí yìí ló wọ ẹnu ọ̀nà, ibí yìí lọwọ́ rẹ̀ gòkè, ibí yìí lorí ọmọ yí. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kù nígbà tó wọlé. Lójoojúmọ́ ló ń ku ogójì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sọ ọ́, èmi àti ìyàwó mi. Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ni. Ó ń fi irin gbígbóná lọ àsíá ọ́fíìsì, nítorí òun ló máa ń fọ̀ ọ́, òun ló máa ń lọ̀ ọ́, lóṣooṣù. Mo jókòó tì í. N kò mọ̀ pé màá sọ ọ́ tí mo fi sọ ọ́.

"Kí ló dé tí o kò pariwo?"

Kò gbé ojú sókè. Ó lọ igun kan tán, ó yí aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Mo ń retí kí ẹ ju okùn sílẹ̀."

"Èmi ń retí kí o pariwo."

Ó gbé irin sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà jó aṣọ náà. "Wọ́n kọ́ àwa méjèèjì dáadáa," ló wí, ó sì ká àsíá.

Ní oṣù kìíní ọdún 1989, ìwé kan dé láti òkè pé kò pọn dandan mọ́ kí ará ìlú dúró bí wọ́n bá ń sọ àsíá kalẹ̀. Ojú ìwé kan ni. Mo fi òǹtẹ̀ lù ú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orin kò dún láti orí òrùlé, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo délé, ìyàwó mi bi mí pé ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Mo ní wọ́n ti pa á tì. Ó ní, "Wọ́n kàn pa á tì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ìrẹsì alẹ́ ọjọ́ náà sì jóná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi kú nígbà ìrúwé tó kọjá, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì tí ọmọ ti lọ. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Lánàá ni mo tó lè ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo rí bébà kan tí a ká sí mẹ́rin. Mo ti rò pé wọ́n ti jó o mọ́ ìrọ̀rí àti aṣọ òwú ọmọ náà.

Pupa rẹ̀ ti ṣá. Ọ̀run wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Igun kẹrin kò sì ṣófo. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù ya ìlà mẹ́ta síbẹ̀, pẹ́ńsù tí ìyàwó mi fi ń sàmì sára aṣọ tó bá fẹ́ gé. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé bébà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó já.

Àsíá tó ní ọ̀run méjì tí kò ní ilẹ̀, àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ti fa irú rẹ̀ ya mọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lójú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó lọ àsíá lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá ó lé kò lè ṣi ilẹ̀ yà. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo mú rọ́bà tí mo fi ń pa nǹkan rẹ́, mo gbé e lé ìlà àkọ́kọ́. N kò pa á rẹ́.

Aago ara ògiri lu márùn-ún. Mo dìde. Mo di bébà náà mọ́ àyà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá orin náà bí mo ṣe máa ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó mi ti wọ ẹnu ọ̀nà, mo ṣí ẹnu, mo pariwo. N kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn pariwo, bó ṣe yẹ kí ẹnì kan nínú wa ti ṣe.

Ọmọ Maeng, tó ti di àgbà, tó ń gbé nílé kejì báyìí, sáré wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó di èjìká mi mú, ó ní, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un pé ọmọ ò jí.